Gọ́tà fún olómi tó ki: bí ẹ ṣe lè ṣírò ṣíṣàn rẹ̀ láìfi fọ́múlà omi tan ara yín jẹ

Ẹni tó bá ti ṣírò omi nínú gọ́tà rí á ní fọ́múlà Manning lórí: V = (1/n) × R^(2/3) × √S. V ni ìyára, S ni ìdagẹ̀rẹ̀, n ni nọ́ńbà ara gọ́tà, ẹ ó sì rí bí a ṣe ń ṣírò R ní ìgbésẹ̀ 3. Fún omi, ó dára. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó ṣe gọ́tà fún ọ́ìlì, glycerine, ọ̀dà tàbí amọ̀ pípò. Fọ́múlà kan náà ló máa tún fà yọ. Bó bá fura pé olómi náà ki, á bu díẹ̀ kún n, á ní ó ti tó. Nígbà tó bá di àárọ̀ ọjọ́ tí òtútù mú, gọ́tà á kún, á sì tú dànù sílẹ̀.

Kò sí n kankan tó lè tún un ṣe. Bí ògiri gọ́tà ṣe rí págunpàgun tó ni n ń sọ. Kò sí ibi tí kíki olómi ti wọ inú fọ́múlà yẹn rárá. Ẹ wo ìdagẹ̀rẹ̀ nìkan: bí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, Manning á ní ìyára di ìlọ́po méjì. Olómi tó ki tó ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ìyára tirẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin gan-an. Ohun méjì tí kò rìn lójú ọ̀nà kan náà ni, ẹ ò sì lè fi nọ́ńbà kan so wọ́n pọ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Kíki olómi náà, tí wọ́n wọ̀n ní ìwọ̀n ìgbóná tí yóò wà nínú gọ́tà.
- Ìwúwo rẹ̀, ìyẹn iye kílò tó wà nínú mítà kúbíìkì kan (ρ).
- Fífẹ̀ gọ́tà (b), jíjìn olómi nínú rẹ̀ (y), àti ìdagẹ̀rẹ̀ (S).
- Tẹmọ́mítà, téèpù, àti rọ́bà olómi tí àwọn bíríkìlà fi ń wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì.
- Dúrọ́ọ̀mù tàbí korobá ńlá, òṣùwọ̀n, àti aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá.
- Ẹ̀rọ ìṣirò tó ní √ àti log.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú kíki rẹ̀ dájú

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti pẹ́ jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìṣirò ti ń bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ kíki olómi. Èkíní ni μ, tí wọ́n ń fi Pa·s tàbí cP kọ. Èkejì ni ν, tí wọ́n ń fi m²/s tàbí cSt kọ. Èyí tí a nílò nínú gọ́tà ni ν, ẹ sì lè rí i láti ara èkíní báyìí: ν = μ ÷ ρ. Ẹ rántí pé 1 cP jẹ́ 0.001 Pa·s, 1 cSt sì jẹ́ 0.000001 m²/s.

Ní 20°C, kíki omi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1 cP, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1 cSt, nítorí náà ẹni tó ń bá omi ṣiṣẹ́ lè pààrọ̀ wọn kí ohunkóhun má ṣẹlẹ̀. Àṣà yẹn ló ń kó bá èèyàn. Glycerine tí kíki rẹ̀ jẹ́ 1410 cP, tí ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ 1260, kò ju bíi 1120 cSt lọ. Ẹni tó bá fi 1410 rọ́pò 1120 ti ṣìnà kó tó fọwọ́ kan fọ́múlà.

Ìgbóná ló tún kàn. Ní 20°C, kíki glycerine tí kò lábùlà tó nǹkan bí 1.4 Pa·s, ní 30°C, ó ti wálẹ̀ sí bíi 0.6. Ìwọ̀n mẹ́wàá péré ló wà láàárín wọn, kíki sì ti dín ju ìdajì lọ. Glycerine tún máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀ bá di omi, kíki rẹ̀ ní 20°C á já sí bíi 0.22 Pa·s, ìyẹn ò tó ìdá kan nínú mẹ́fà ti tẹ́lẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kì í ṣe ohun tí wọ́n rà mọ́.

Níbi ọ́ìlì ẹ̀rọ, ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà tó wà lára dúrọ́ọ̀mù. ISO VG 220 túmọ̀ sí pé kíki rẹ̀ wà ní bíi 220 cSt *ní 40°C*. Bí ọ́ìlì yín bá máa ṣàn ní 15°C, nọ́ńbà yẹn kọ́ ni tiyín. Ẹ béèrè fún kíki ní ìwọ̀n ìgbóná méjì ó kéré tán, tàbí kí ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ife oníhò wọn ọ̀dà, iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ rí kì í ṣe kíki. Táàbù ife yẹn gan-an lẹ máa fi yí i padà. Ti ife mìíràn kò bá a mu.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ kọ ν yín sílẹ̀ ní m²/s, kí ẹ kọ ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì tó ki máa ń bọ́ sáàárín 0.00005 sí 0.001. Bí nọ́ńbà yín bá kéré ju 0.000001 lọ, ohun tí ẹ kọ yẹn ò ki tó omi. Ẹ ti ṣi ìwọ̀n yípadà níbì kan.

Ìgbésẹ̀ 2: Ṣé kíki rẹ̀ dúró sójú kan?

Ọ́ìlì, glycerine àti omi ṣúgà ò ní yí kíki padà nítorí pé ẹ rò wọ́n kíákíá. Ọ̀dà, amọ̀ pípò àti ẹrọ̀fọ̀ ibi ìwakùsà máa ń yí i padà. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ oníyíyí tó ń wọn kíki, ẹ lò ó ní ìyára mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sún mọ́ ara wọn, ẹ máa bọ̀ ní ìgbésẹ̀ 3. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ 7.

Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ, ẹ da díẹ̀ sórí àwo pẹrẹsẹ, kí ẹ gbé etí àwo náà sókè díẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ọ́ìlì tó ki gan-an á lọ́ra, ṣùgbọ́n kò ní dúró. Èyí tó bá rìn díẹ̀, tó wá dúró sójú kan, ní agbára kan tí ẹ gbọ́dọ̀ borí kó tó lè ṣàn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wọn gọ́tà

Fún gọ́tà onígun mẹ́rin, ojú ibi tí olómi gbà kọjá ni A = b × y. Ara gọ́tà tó fọwọ́ kan olómi ni P = b + 2y. R = A ÷ P. Ẹ má ka ojú òkè mọ́ P, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀.

Fi rọ́bà olómi wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì orí àti ìdí gọ́tà, kí ẹ pín ìyàtọ̀ wọn sí gígùn gọ́tà. Ìyẹn ni S. Gọ́tà tí wọ́n ní ó dagẹ̀rẹ̀ ní 5 mílímítà lórí mítà kan lè jẹ́ 3 bí ẹ bá wọ̀n ọ́n dáadáa, ìyàtọ̀ yẹn sì jẹ olómi tó ki lára ju bó ṣe ń jẹ omi lọ. Ẹ má fi ojú wò ó.

*Àyẹ̀wò:* R gbọ́dọ̀ kéré ju y lọ nígbà gbogbo. Bó bá bá y dọ́gba, ẹ ti gbàgbé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kọ́kọ́ ṣírò bí ẹni pé ó ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́

Olómi tó ki máa ń ṣàn ní ìpele-ìpele, èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ́ra, èyí tó wà lókè yá. Fún gọ́tà onígun mẹ́rin:

V = [g × y² × S ÷ (3ν)] × (1 − 1.26 × y/b)

g jẹ́ 9.81. Apá àkọ́kọ́ jẹ́ ti gọ́tà tó fẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Àkámọ́ tó tẹ̀ lé e ló ń yọ ìdádúró tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń fà. Ẹ lò ó níwọ̀n ìgbà tí jíjìn kò bá ju ìdajì fífẹ̀ lọ. Nígbà tó bá tó ìdajì gan-an, ìyára tó máa fún yín á kéré ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí kò pa gọ́tà lára.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń ju àkámọ́ yìí nù, wọ́n á ní gọ́tà àwọn fẹ̀. Gọ́tà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá jíjìn rẹ̀ pàápàá á ṣì fi nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́ra ju bí apá àkọ́kọ́ ṣe sọ lọ.

Bó bá jẹ́ páìpù tí wọ́n là sí méjì, tó sì kún dé etí: V = g × R² × S ÷ (2ν), R sì ni ìdá kan nínú mẹ́rin fífẹ̀ páìpù. Mo máa ń lo èyí kan náà fún gọ́tà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ síta, bí kò bá fẹ̀ jù, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan. Gọ́tà irin, b = 0.4 mítà, y = 0.1, S = 0.005, ọ́ìlì VG 220 ní 40°C, nítorí náà ν = 0.00022.

- Apá àkọ́kọ́: 9.81 × 0.01 × 0.005 ÷ 0.00066 = 0.743
- Àkámọ́: 1 − 1.26 × 0.25 = 0.685
- V = 0.51 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan
- Q (iye olómi tó ń kọjá) = V × A = 0.51 × 0.04 = 0.0204, ìyẹn bíi lítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan

Ní báyìí, ẹ fi Manning ṣe gọ́tà kan náà pẹ̀lú n = 0.012. R jẹ́ 0.0667, V á jẹ́ 0.97, Q á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 39. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí gọ́tà lè gbé. Ẹni tó bá fi pọ́ǹpù lítà 39 sórí gọ́tà yìí máa fi ọ́ìlì fọ ilẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ sọ S di ìlọ́po méjì nínú ìṣirò yín. V gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì géérégé. Ẹ sọ ν di ìlọ́po méjì. V gbọ́dọ̀ di ìdajì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣi nǹkan tẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wádìí bóyá ó ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ lóòótọ́

Nọ́ńbà Reynolds ló ń sọ ọ́: Re = 4 × R × V ÷ ν.

Bó bá dín ní 2000, ṣíṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, èsì ìgbésẹ̀ 4 dúró. Bó bá ju 4000 lọ, rúkèrúdò ti wọ̀ ọ́, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ 6. Bó bá wà láàárín, ẹ ṣe ìgbésẹ̀ méjèèjì, kí ẹ mú ìyára tó kéré jù. Olómi níbẹ̀ lè yí ìwà padà láàárín ọjọ́ kan, mi ò sì mọ ọlọ́gbọ́n kan tó máa gbára lé èyí tó pọ̀ jù.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì rèé. Àwọn kan máa ń kọ Re láìfi 4 sí i, ìyẹn R × V ÷ ν. Kò burú, ṣùgbọ́n ààlà tiwọn ni 500, kì í ṣe 2000. Bí ẹ bá fi Re tiwọn wo ààlà tiwa, ẹ máa pe rúkèrúdò ní wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ ò sì ní mọ̀.

Nínú àpẹẹrẹ wa: 4 × 0.0667 × 0.51 ÷ 0.00022 = bíi 618. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ta ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ọ̀dà aláwọ̀ sínú olómi tó ń ṣàn. Bí ìlà náà bá gùn lọ láìtú ká, ẹ̀rí yín nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí rúkèrúdò bá wọ̀ ọ́

Ká ní ọ́ìlì VG 46 ni, ní 40°C, nínú gọ́tà kan náà. ν jẹ́ 0.000046. Ìgbésẹ̀ 4 á fún yín ní V = 2.4, Re á sì ju 14,000 lọ. Kò lè jẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí náà 2.4 yẹn kò wúlò, ẹ jù ú nù.

Ẹ lo èyí:

V = −2 × u × log[ ε ÷ (14.8R) + 0.6275ν ÷ (R × u) ]

u níbí ni √(8 × g × R × S). ε ni bí ara gọ́tà ṣe págunpàgun tó, ní mítà. Fún irin tuntun, 0.00005 tó. Log náà jẹ́ ti mẹ́wàá. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú fọ́múlà yìí ni pé ẹ ò ní máa méfò kí ẹ tún máa padà sẹ́yìn: bí ẹ bá ti mọ R, S àti ν, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa tẹ̀ ẹ́.

- u = √(8 × 9.81 × 0.0667 × 0.005) = 0.162
- Apá ti págunpàgun: 0.00005 ÷ 0.987 = 0.00005
- Apá ti kíki: 0.6275 × 0.000046 ÷ (0.0667 × 0.162) = 0.00268
- V = 2 × 0.162 × 2.56 = 0.83, Q sì jẹ́ bíi lítà 33

Ẹ wo apá méjèèjì dáadáa. Ti kíki ju ti págunpàgun lọ ní ìlọ́po àádọ́ta. Ẹni tó bá ń náwó láti mú ara gọ́tà yìí dán sí i ń náwó lásán. Kó gbé owó náà lọ síbi tí wọ́n á ti mú ọ́ìlì gbóná díẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi V tuntun ṣírò Re lẹ́ẹ̀kan sí i. Tiwa jẹ́ bíi 4,800, ó ṣì wà lókè 4000. Bó bá já sísàlẹ̀ 4000, ẹ padà sí òfin àárín tó wà ní ìgbésẹ̀ 5.

Bí ẹ bá mọ Q, tí jíjìn lẹ ń wá

Èyí ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ mú y kan, ẹ ṣírò Q rẹ̀, ẹ gbé y sókè tàbí kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí tí Q yóò fi bá ti yín mu. Ẹ fi ìwọ̀n ìgbóná tó kéré jù lọ tí gọ́tà lè rí nínú ọdún ṣe é, ẹ má fi ti ọ̀sán gangan. Nínú gọ́tà wa, bí òtútù bá sọ kíki VG 220 di ìlọ́po mẹ́rin, tí lítà 20 náà sì ṣì ń wọlé, jíjìn á kúrò ní 10 sẹ̀ǹtímítà, á di bíi 18 sí 19. Gọ́tà tí etí rẹ̀ ga ní 15 ti kún rékọjá.

Ẹ tún wo nọ́ńbà Froude, Fr = V ÷ √(g × y). Nínú ṣíṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ tó fẹ̀, bí Fr bá ti ju bíi 0.53 lọ, ìgbì kéékèèké á máa dìde fúnra wọn, wọ́n á máa ga sí i bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Tiwa jẹ́ 0.51, kò jìnnà síbẹ̀. Mo máa fi ìdajì jíjìn kún etí irú gọ́tà bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Olómi tó kọ̀ láti ṣàn

Fún èyí tó dúró sójú kan lórí àwo, ẹ ní láti mọ agbára tó ń dá a dúró, τ, ní Pa. Nínú gọ́tà tó fẹ̀, kò ní gbéra àfi bí ρ × g × y × S bá ju τ lọ. Ká ní amọ̀ pípò kan ní ρ = 1500 àti τ = 10, S sì jẹ́ 0.005. Jíjìn tó máa kọ́kọ́ dé ni 10 ÷ (1500 × 9.81 × 0.005) = 0.136 mítà. Títí tí yóò fi ga tó 13.6 sẹ̀ǹtímítà, ńṣe ló máa jókòó sójú kan. Ìgbà tí ẹ bá sì pa pọ́ǹpù, ìwọ̀n yẹn náà ló máa kù sínú gọ́tà, tí yóò gbẹ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ gọ́tà amọ̀ ni kò ní àbùkù mìíràn ju èyí lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, h = y − τ ÷ (ρ × g × S), iye tó ń ṣàn lórí mítà kan fífẹ̀ sì ni:

q = ρ × g × S × h² × (3y − h) ÷ (6μ)

μ ni kíki rẹ̀ lẹ́yìn tó ti gbéra. Nínú gọ́tà tóóró, ẹ fi R rọ́pò y láti mọ̀ bóyá ó máa gbéra.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi τ = 0 sínú fọ́múlà náà. Ó gbọ́dọ̀ padà di apá àkọ́kọ́ ìgbésẹ̀ 4 tí ẹ fi y sọ di púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ wọ̀n ọ́n lójú iṣẹ́

Ẹ má fi pákó onígun V wọ̀n ọ́n. Omi ni wọ́n fi ṣe táàbù rẹ̀. Ẹ má sì ju ewé sórí rẹ̀ kí ẹ wá fi 0.85 sọ ìyára rẹ̀ di púpọ̀ bí a ti ń ṣe fún omi. Nínú ṣíṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ tó fẹ̀, ìyára gbogbo olómi náà kò ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ti òkè lọ.

Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sórí òṣùwọ̀n ní ìdí gọ́tà, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá. Q = kílò tó wọlé ÷ (ρ × ìṣẹ́jú àáyá). Òṣùwọ̀n dára ju kíka lítà lọ, nítorí olómi tó ki máa ń gbé afẹ́fẹ́ pamọ́ sínú. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì ti tẹmọ́mítà bọ olómi náà ní orí gọ́tà àti ní ìdí rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Bí ohun tí ẹ wọ̀n bá wà láàárín ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìṣirò yín, ìṣirò náà dára. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo tẹmọ́mítà ti ìdí gọ́tà, nítorí ó ṣeé ṣe kí olómi náà ti tutù lọ́nà. Lẹ́yìn náà, ẹ tún lẹ́fẹ́ẹ̀lì wọ̀n. Ìgbà tí méjèèjì bá dájú ni kí ẹ tó padà sórí fọ́múlà.